Ojú Kan Lára Igi Méjì

Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé ohun tí ẹlòmíràn ti gbẹ́ tẹ́lẹ̀ ni òun máa ń tún gbẹ́. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀dà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ àbísọ rẹ̀ lójú ọ̀nà, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé alájà kan, ògiri funfun, fèrèsé gíga, ilẹ̀ dídán tí bàtà ń dún lórí rẹ̀. Àmọ́ òun kì í gba ibi tí àlejò ń gbà wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ni yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi, yàrá kan tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí òórùn igi ti wọ ògiri rẹ̀ lọ bí tíì ṣe ń wọ búrẹ́dì.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Àwọn ère tó wà nínú ilé yẹn, ohun tí àwọn ará àtijọ́ ń kúnlẹ̀ fún ni wọ́n, ohun tí wọ́n ń fẹjọ́ sùn, tí wọ́n ń fọwọ́ pa lórí títí orí fi ń dán bí orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa. Wọ́n ti gbó. Bí ọkọ̀ tó gbé wọn bá já sí kòtò lójú ọ̀nà, wọ́n lè là sí méjì. Nítorí náà, bí ilé ẹ̀kọ́ kan tàbí ìlú kan bá ní òun fẹ́ rí wọn, ẹ̀dà ni wọ́n ń gbé lọ. Ojúlówó á jókòó sílé, á máa sinmi bí ìyá àgbà. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀dà ló ń gbẹ́ àwọn ẹ̀dà náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ohun kan náà ló máa ń sọ fún un: ẹ̀dà yàtọ̀ sí ayédèrú. Ẹ̀dà á fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀dà lòun. Ayédèrú ló ń pe ara rẹ̀ ní ohun tí kì í ṣe.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn ló dàgbà sí, Bàbá ló sì ń pè wọ́n. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, orí àpótí ló ń dúró sí kó tó lè rí ohun tó wà lórí tábìlì. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gé igi, wọ́n á kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì kọ́ ọ kò ju ẹyọ kan lọ: ojú ni kó kọ́kọ́ gbẹ́ nǹkan, kí ọwọ́ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n lè jókòó síwájú ère láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀, láìfi ọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á rò pé wọ́n ń tòògbé.

Nínú gbogbo ère tó wà nínú ilé náà, ọ̀kan ló wọ ọmọbìnrin náà lọ́kàn jù. Ìyá Adijú ni wọ́n ń pè é. Obìnrin tó jókòó ni, ọwọ́ méjèèjì lórí eékún, ojú méjèèjì ní dídì. Kò ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ. Inú ihò àpáta kan ni wọ́n ti rí i, tòun ti àwọn òpó àti ilẹ̀kùn tó ti wó lulẹ̀ yí i ká. Àwọn tó ń sìn ín ti parẹ́ tipẹ́. Kò sí ẹni tó mọ èdè wọn, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló sọ ọ́ ní Ìyá Adijú. Àwọn kan ní ó ń sùn ni, àwọn kan ní àdúrà ló ń gbà, ọ̀kan nínú àwọn agbálẹ̀ sì ní tòun o, òun rò pé ọ̀rọ̀ wa ló sú u. Ní ọ̀sán, bí oòrùn bá ti rọra yà lórí òrùlé, ìmọ́lẹ̀ kan máa ń gba fèrèsé gíga wọlé. Á kọ́kọ́ bà lé irun ère náà, á sọ̀ kalẹ̀ sí iwájú orí, á wá dúró sórí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ní àkókò yẹn, ó máa ń dà bíi pé ojú náà fẹ́ là. Ọmọbìnrin náà á dúró, á di èémí mú. Ìmọ́lẹ̀ á sì kúrò níbẹ̀, á lọ sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú á ṣì wà ní dídì.

Nígbà tó di ọ̀dọ́bìnrin, òun àti Bàbá gbẹ́ ẹ̀dà Ìyá Adijú. Bàbá gbẹ́ ara, wọ́n ní kó gbẹ́ ojú. Ó ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ nígbà tó yá, kò mọ ìgbà tí ọwọ́ kúrò lórí igi àti ìgbà tó padà síbẹ̀. Ó ní ṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ń rìn nínú ìrì òwúrọ̀, tí kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tí kò sì ṣubú. Bí wọ́n ṣe parí, wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Ọ̀gá àgbà ìgbà náà wọlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Èwo wá ni tiwa níbẹ̀?" Inú ọmọbìnrin náà dùn débi pé kò lè jẹun alẹ́. Bàbá sún mọ́ tábìlì. Wọ́n dojú ẹ̀dà dé, wọ́n fi ọ̀bẹ fa ilà kékeré kan sí ìdí rẹ̀, nítorí òfin ilé náà ni pé gbogbo ẹ̀dà gbọ́dọ̀ ní àmì.

Ọdún ń gorí ọdún. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀dà relé ọkọ. Àsìkò tó bí ọmọ, tó wà nílé tó ń tọ́jú ìkókó, ni òjò kan rọ̀ tí kò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Wọ́n ń kun ògiri yàrá àwọn àlejò lọ́wọ́ nígbà náà, wọ́n sì ti kó gbogbo ère sínú yàrá ìkẹ́rùsí. Òrùlé ibẹ̀ ya, omi wọlé, omi sì dúró. Nígbà tí wọ́n fi máa fa omi náà tán, ìdí Ìyá Adijú àti ìdí ẹ̀dà rẹ̀ ti jẹrà. Bàbá fi ayùn gé ìdí méjèèjì kúrò, wọ́n sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan ka orí igi tuntun. Kò pẹ́ sí i, kòkòrò wọ inú ọ̀kan. Kí kòkòrò má bàa ran àwọn tó kù, Bàbá gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n dáná sun ún. Nígbà tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀dà máa fi padà síbi iṣẹ́, ère kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn gíláàsì, ilẹ̀ kan sì dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi. Ó béèrè. Bàbá ní, "Ẹ̀dà ni kòkòrò jẹ." Kò tún béèrè mọ́. Bàbá ti kú láti ìgbà náà, ọmọ inú ilé ti dàgbà, ó ti ní ilé tirẹ̀, ewú sì ti gba orí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀dà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi dé. Ọkùnrin gíga kan ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìfalà, ó so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn pẹ̀lú okùn. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti lò lórí ohun tí àwọn ará àtijọ́ ń sìn. Ó ti ka nípa Ìyá Adijú láti ìgbà èwe rẹ̀, àmọ́ kò tíì fojú kàn án rí. Ó dúró níwájú gíláàsì náà pẹ́. Ó yí i po. Ó padà wá síwájú. Lẹ́yìn náà ló lọ kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá, ó sì sọ pé ohun tó wà nínú gíláàsì yẹn kì í ṣe Ìyá Adijú.

Ọ̀gá ni olórí ilé náà báyìí, obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti Ọlọ́wọ́-Ẹ̀dà, tí a máa ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ kí a tó rí i. Kò gba ọ̀rọ̀ náà. Bí àríyànjiyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ sì di ohun tí wọ́n ń bá wọlé tí wọ́n ń bá jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí wọ́n wo ẹnu rẹ̀: ẹnu yẹn jọ ẹnu ẹni tó ti jókòó níwájú kámẹ́rà rí. Àwọn ará àtijọ́ kì í gbẹ́ ẹnu báyẹn; ẹnu wọn kì í bẹ èèyàn kó fẹ́ràn òun. Ọ̀gá ní kí òun náà wo eékún: ó ti dán, ó ti fẹ́lẹ́, ọwọ́ ìran dé ìran ló pa á bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìda àti àkísà lè ṣe é láàárín oṣù kan. Ọ̀gá ní kó wo bí igi ṣe sán. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní igi wo ni kì í sán nínú ilé tí òrùlé rẹ̀ ti ya rí? Wọ́n á jiyàn rẹ̀ títí, wọ́n á sì jọ mu tíì, nítorí pé kò sí ìkankan nínú wọn tó ń purọ́, àwọn méjèèjì sì mọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá ní ẹnì kan wà tó gbẹ́ ẹ̀dà náà, tó ṣì ń mí. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ọlọ́wọ́-Ẹ̀dà.

Wọ́n ṣí gíláàsì. Wọ́n gbé ère náà lé e lẹ́sẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kàn án láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó tutù, ó sì wúwo ju bó ṣe rò lọ. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tọ́ imú, ó dé ojú. Ìpéǹpéjú òsì rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Ọkàn rẹ̀ fò: òun ló gbẹ́ ìpéǹpéjú yìí. Ó rántí ọ̀sán ọjọ́ náà, ó rántí bí ọ̀bẹ ṣe yọ̀ díẹ̀. Àmọ́ bó ṣe ń rántí, ó tún rántí pé ṣe ló wo ti ojúlówó kó tó gbẹ́ ẹ, pé ti ojúlówó náà rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àbí kò rọ̀? Àbí ti òun ló kọ́kọ́ rọ̀, tí ojú rẹ̀ wá ń rí i lára èkejì? Ó wá a nínú orí rẹ̀, kò rí i. Àwọn ojú méjèèjì ti wọ inú ara wọn bí omi odò méjì tó pàdé.

"Mi ò mọ̀," ó wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ awò ojú rẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ta ni kì í mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀?"

"Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, sà. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé kí ọwọ́ mi má hàn. Mo sì kọ́ ọ dáadáa."

Ó rí i lójú Ọ̀jọ̀gbọ́n pé kò gbà á gbọ́. Ó ń rò pé obìnrin náà ń bo ẹnì kan láṣìírí. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn, nítorí kò sí ẹni kankan tó fẹ́ bò nígbà náà.

Aago ni ọkọ rẹ̀ ń tún ṣe. Ilé wọn kún fún un, lára ògiri, lórí fèrèsé, lábẹ́ ibùsùn, kò sì sí méjì nínú wọn tó fohùn ṣọ̀kan. Bí ọ̀kan ṣe ń sọ pé ilẹ̀ ti ṣú, òmíràn á máa kéde ọ̀sán. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà kò mọ èyí tó ń sọ òótọ́ nínú àwọn ọmọ òun wọ̀nyí, oòrùn lòun fi ń mọ ìgbà tí ebi ń pa òun. Ó retí kí ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí kò rẹ́rìn-ín, ó gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá Adijú ti ń tẹ̀ lé e káàkiri. Ó lè máa fọ abọ́, kó rí ojú náà nínú omi ọṣẹ. Ó lè wà nínú bọ́ọ̀sì, kí obìnrin kan di ojú rẹ̀ nítorí oòrùn, kí ara rẹ̀ sì ta gìrì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oorun gbé e lọ lórí tábìlì iṣẹ́. Ó rí i pé omi kún yàrá náà dé ọrùn ẹsẹ̀, omi tó mọ́, tó gbóná wọ́ọ́rọ́. Bàbá ń gbálẹ̀ nínú omi, wọ́n ń kó ẹ̀ẹ́rún igi jọ, bí wọ́n sì ṣe ń kó o jọ ni omi ń tú u ká, wọn kò bínú. Àwọn obìnrin onígi méjèèjì jókòó lórí omi bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi. Ó bi Bàbá pé èwo ni. Bàbá gbé ìka sẹ́nu, wọ́n ní kó rọra, ẹ̀ẹ́rún igi ni kó bá àwọn kó. Ó tẹ̀ ba, ó ń kó o. Nígbà tó jí, ẹ̀ẹ́rún igi ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, oòrùn sì ti ń wọ̀.

Ọ̀gá àti Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ dá ẹjọ́ náà. Wọ́n gé fọ́nrán igi kan lára ère náà, kò tó èékánná, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò níbi tí wọ́n ti ń mọ ọjọ́ orí igi. Wọ́n dúró. Nígbà tí èsì dé, Ọ̀gá sáré sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, bàtà lọ́wọ́. Igi náà ti gbó, ó gbó ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ, ó gbó bí ihò àpáta tí wọ́n ti rí i. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí pé ọmọlúàbí ni, bọ Ọ̀gá lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn, ó ní òun ṣìnà. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀dà náà pàtẹ́wọ́. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló wà tó ń padà síbi iṣẹ́ nígbà tó dúró. Igi. Igi wo ni àwọn fi gbẹ́ ẹ̀dà náà?

Ó rántí rẹ̀ nísinsìnyí bí ẹni pé wọ́n gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Òpó kan wà nínú àwọn tó wó lulẹ̀ nínú ihò àpáta náà, tí wọ́n kó wá pẹ̀lú ère. Kò ní iṣẹ́ ọnà kankan lára, kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ, ó sì wà lábẹ́ tapólì lẹ́yìnkùlé. Bàbá ló ní igi kan náà ni pẹ̀lú ti Ìyá Adijú, pé igi tuntun kò ní gba ojú àtijọ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ fa ayùn lára rẹ̀. Òórùn rẹ̀ jọ ti eérú tútù. Ẹ̀dà àti ojúlówó, iye ọjọ́ orí kan náà ni igi wọn. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ sọ, òótọ́ ni, kò sì sọ nǹkan kan.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin náà ronú, ó ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, kí ìyàwó òun jẹ́ kí àwọn èèyàn máa yọ̀. Ó tún ní àmọ́ òun mọ̀ ọ́n, kò ní lè sùn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti oorun nìkan. Bó bá sọ ọ́, ìbéèrè tó kàn ni pé ta ló dáná sun èkejì, wọ́n sì lè wá sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé Bàbá ni ẹni tó sun òrìṣà àwọn ará àtijọ́, tó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn méjèèjì rọ́pò rẹ̀. Orúkọ rere nìkan ni Bàbá fi sílẹ̀ lọ. Bí a bá ní ọwọ́ kan ṣoṣo ló tọ́ wa dàgbà, báwo la ṣe ń na ìka sí i?

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ń gbẹ́ àga kékeré kan tí ọba àtijọ́ kan jókòó lé rí, kò sì gbádùn un.

Ọjọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń lọ, ó wá sí yàrá ẹ̀yìnkùlé láti dágbére. Kò wá ibi ìjókòó, ó kàn fara ti ilẹ̀kùn. Ó ní òun wá tọrọ ìdáríjì, pé òun ti rò pé Màmá ń parọ́ fún òun. Ó wá sọ, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, pé òun ń kó ìwé òun jọ, òun á jáwọ́ nínú iṣẹ́ náà. Ó ní ẹnu ère yẹn ni òun fi búra nínú ọkàn òun. Bí òun bá lè rí i kedere tó bẹ́ẹ̀ kí òun sì ṣìnà, gbogbo ohun tí òun ti sọ nípa àwọn ère yòókù láti ọjọ́ pípẹ́, ta ló mọ̀ bóyá ìran ni òun ń rí? Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Láìsí awò, ojú rẹ̀ rí bí ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀dà wò ó. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ẹ jókòó, sà," ó wí. "Ẹ má tíì kó ìwé yín."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: òpó inú ihò, tapólì, ayùn, àmì tó bá ìdí jíjẹrà lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sórí ìtì igi, kò bìkítà fún ṣòkòtò rẹ̀. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀.

"Nígbà náà, ó lè jẹ́ pé mo tọ̀nà."

"Ó lè jẹ́. Ó sì lè máà jẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ fún mi?"

"Nítorí ojú yín," obìnrin náà dáhùn. "Mi ò fẹ́ kí ojú tó ń wo nǹkan báyẹn fọ́ tìtorí tèmi."

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gòkè lọ bá Ọ̀gá. Inú bí Ọ̀gá ní tòótọ́. Ó béèrè ìdí tí wọn kò fi tètè sọ ọ́, kí òun tó lọ ń pariwo káàkiri bí adìyẹ tó yé. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó jókòó, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. Ó béèrè ohun tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀dà ti ń bẹ̀rù: ṣé Bàbá sun ojúlówó ni?

Ohun kan ń yọ bọ̀ lọ́kàn Ọlọ́wọ́-Ẹ̀dà bí ẹni tó ń jáde láti inú kùrukùru. Lẹ́yìn òjò yẹn, títí Bàbá fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò gba inú yàrá Ìyá Adijú kọjá mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí iwájú ilé, ìta ni wọ́n ń gbà, wọ́n á rìn yí ilé po nínú oòrùn. Ẹsẹ̀ tó ń ro wọ́n ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀dà máa ń fi kẹ́wọ́ fún wọn nínú ọkàn rẹ̀, ó ń sọ pé bóyá ilẹ̀ dídán yẹn ló ń yọ̀ wọ́n.

"Ma, wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀dà ni," ó wí. "Mo gbà pé ohun tí ojú wọn sọ fún wọn nìyẹn. Àmì ti lọ, kòkòrò ń jẹ ọ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ yan. Wọ́n wò ó, wọ́n yàn. Mo sì rò pé láti ọjọ́ yẹn ni wọn kò ti dá ara wọn lójú mọ́."

Nísàlẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ìró bàtà àwọn àlejò.

Ọ̀gá kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ó pe àwọn tó ga jù ú lọ, wọ́n bá a wí, ó gbà á. Káàdì tó wà lẹ́bàá gíláàsì yí padà. Ó sọ bí wọ́n ṣe rí Ìyá Adijú, ó sọ pé ẹ̀dà rẹ̀ wà rí, pé ọ̀kan ti jóná, pé ilé yìí kò mọ èyí tó kù. Àwọn àlejò kan bínú, wọ́n ní kí ni àwọn wá wò nígbà náà. Àwọn mìíràn á kà á tán, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á sì wo ojú dídì náà pẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀ lọ. Orúkọ Bàbá kò bàjẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè ni pé ta lẹni náà, tí ọwọ́ rẹ̀ lè dán tó báyìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀dà fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gba ọ̀nà ìta tí Bàbá máa ń gbà. Kò ní ìdí kan pàtó. Koríko ti hù sí ojú ọ̀nà náà, òkúta rẹ̀ gbóná. Nígbà tó dé ìdajì, ó rí fèrèsé kékeré kan lára ògiri, tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó gbé ojú sún mọ́ ọn. Ẹ̀yìn Ìyá Adijú ló rí: èjìká, ọrùn, bí irun ṣe wálẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn náà ni Bàbá gbẹ́ lára ẹ̀dà. Eruku ara ògiri lábẹ́ fèrèsé náà ti nù kúrò ní ojú kan, ní ìwọ̀n ibi tí ẹni tó ga ju òun lọ lè gbé ọwọ́ lé, ọ̀dà ibẹ̀ sì ti bó dé amọ̀. Kò mọ ẹni tó bó o. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ síbẹ̀, ó gbé gìgísẹ̀ sókè, ó ń wo ẹ̀yìn obìnrin onígi náà títí ìmọ́lẹ̀ fi kúrò lára rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ìbànújẹ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ẹnì kan níbi tó ti ń dúró tipẹ́, tó sì bá a dúró díẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò kó ìwé rẹ̀ lọ mọ́. Ó gba yàrá kan nítòsí, òun àti Ọ̀gá sì ń bá àríyànjiyàn wọn lọ. Lọ́sẹ̀ kan ó lè gbà pé bóyá ojúlówó ni. Lọ́sẹ̀ kejì, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ á sọ pé ẹnu yẹn ń dààmú òun. Bí ọ̀rọ̀ bá sú wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n á ra búrẹ́dì gbígbóná, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó ti ní kí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀dà kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú. Ó kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́n rárá. Ohun tó gbẹ́ tó pè ní ẹyẹ jọ ìyàwó ilé tó ń wá bàtà, ọkọ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀dà tó wá mú ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Kò sí ẹni tó máa jiyàn lórí èyí," ó wí. "Èmi ni mo gbẹ́ ẹ."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀dà ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó gbọn ẹ̀ẹ́rún igi kúrò ní aṣọ rẹ̀, ó ti fèrèsé, ó sì tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ sójú ọ̀nà.